Ewé, Oògùn àti Oró: Ẹ̀kọ́ Kan Láti Inú Yàrá Ìwádìí Wa

Wọ́n ní kí àwa olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kọ ẹ̀kọ́ kan sínú ìwé ìròyìn ọdún yìí, èyí tí ẹ ó lè mú lọ sílé. Èyí tí a yàn kì í ṣe èyí tí a fi ń yangàn. Gbèsè kan ni a fẹ́ san.

Ní sáà kejì ọdún ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan dìde ní kíláàsì, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé òótọ́ ni pé ewúro ń pa àrùn jẹjẹrẹ?" Ọ̀kan nínú wa tí ó ń kọ́ wọn lọ́jọ́ náà dá a lóhùn kíá pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn onímọ̀ ti rí ohun kan nínú ewúro tí ó ń pa jẹjẹrẹ. Aago lù, gbogbo wọn jáde.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a tó mọ ìdí ìbéèrè náà. Kókó kan ti yọ sí ọyàn àbúrò ìyá ọmọ yìí. Wọ́n ti dá ọjọ́ fún un tí yóò lọ rí dókítà oníṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ délé, tí ó sọ pé tíṣà àwọn ní ewúro ń pa jẹjẹrẹ, obìnrin náà dúró sílé, ó sì ń mu omi ewúro láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọjọ́ tí dókítà dá kọjá lọ.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n ní ti ọ̀rọ̀ oògùn, a ti rí i pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ kò tó. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a sọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn. Nítorí náà, odindi rẹ̀ ni a fẹ́ kọ síhìn-ín.

Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kẹrin, a kà nípa ìyàn tí ó mú ní Gilgali nígbà ayé wòlíì Eliṣa. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wòlíì lọ sí oko láti já ewébẹ̀. Ó rí ìtàkùn ìgbẹ́ kan, ó ká èso rẹ̀ kún aṣọ rẹ̀, ó sì rẹ́ ẹ sínú ìkòkò ọbẹ̀ láìmọ ohun tí ó jẹ́. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ni wọ́n kígbe pé ohun tí ó wà nínú ìkòkò yóò pa àwọn. Ẹni tí ó lọ já èso náà kì í ṣe ènìyàn búburú. Ebi tí ń pa ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń rò. Ṣùgbọ́n àánú nìkan kì í yọ oró kúrò nínú ewé.

Ohun Tí Jẹjẹrẹ Jẹ́

Ara wa kún fún àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí, tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì kan a máa pín sí méjì nígbà tí ara bá ní ìlò rẹ̀: bí egbò bá ń jinná, bí irun bá ń hù, bí ẹ̀jẹ̀ titun bá ń rọ́pò èyí tí ó ti gbó. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n a dáwọ́ dúró. Jẹjẹrẹ a máa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan bá kọ̀ láti dáwọ́ dúró, tí wọ́n ń pín láìsí ìdí, tí wọ́n ń gba àyè mọ́ àwọn aládùúgbò wọn lọ́wọ́, tí díẹ̀ nínú wọn sì ń gba ojú ẹ̀jẹ̀ lọ tẹ̀dó sí ibòmíràn nínú ara.

Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kì í ṣe àjèjì bí kòkòrò ibà. Ọmọ ilé tí ó di ọlọ̀tẹ̀ ni, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà, nítorí pé ohun tí ó lè pa ọlọ̀tẹ̀ lè pa àwọn ará ilé pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí irun fi máa ń re, tí èébì sì máa ń gbé ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gba oògùn jẹjẹrẹ ní ilé ìwòsàn. Sẹ́ẹ̀lì irun àti ti ìfun náà a máa pín kíákíá, oògùn a sì ṣì wọ́n mú.

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun mìíràn tí a kọ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má gbàgbé èyí: pípa kò ṣòro, yíyàn ni ó ṣòro. Ọṣẹ lè pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú ìgò. Omi iyọ̀ líle lè pa á pẹ̀lú. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò torí èyí máa mu ọṣẹ.

Ewé Tí Ó Di Oògùn Ní Tòótọ́

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé a ń tàbùkù ewé, ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn kan. Òdòdó kan wà tí a máa ń gbìn sí iwájú ilé àti ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, tí ó ń tanná funfun tàbí pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Catharanthus roseus ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀, erékùṣù Madagásíkà ni ó sì ti ṣẹ̀ wá. Ní Jamáíkà, àwọn ènìyàn a máa se ewé rẹ̀ mu nítorí àtọ̀gbẹ. Ní 1952, wọ́n fi ewé náà ránṣẹ́ láti Jamáíkà sí Kánádà, ó sì dé ọwọ́ dókítà Robert Noble ní Yunifásítì Western Ontario. Ó fún èkúté ní omi ewé náà mu, ṣùgbọ́n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò yí padà. Nígbà tí a gún un sí wọn lára, wọ́n ń kú.

Ẹlòmíràn ì bá da ewé náà nù. Noble béèrè ohun tí ó pa wọ́n. Ó rí i pé sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ gidigidi, àrùn sì ti rí ààyè wọlé. Bí ewé yìí bá lè dín sẹ́ẹ̀lì funfun kù, ǹjẹ́ kò lè wúlò fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, níbi tí sẹ́ẹ̀lì funfun ti ń pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ? Òun àti Charles Beer yọ ohun tí ń ṣiṣẹ́ náà jáde, èyí tí a wá ń pè ní vinblastine, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 1958. Ilé iṣẹ́ Eli Lilly ní Amẹ́ríkà tún yọ èkejì rẹ̀, vincristine, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1963. Títí di òní, vincristine wà lára oògùn tí a fi ń tọ́jú àwọn ọmọdé tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun mẹ́ta nínú ìtàn yìí. Lọ́nà kìn-ín-ní, oró ewé náà ni ó ṣí ilẹ̀kùn oògùn; ohun kan náà ni wọ́n. Lọ́nà kejì, mímu ewé náà kò ṣe ohun tí gígún un ṣe. Lọ́nà kẹta, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún kìlógíráàmù ewé gbígbẹ ni a ń lò kí a tó rí gíráàmù kan ṣoṣo nínú oògùn náà. Ìwọ̀n vincristine tí a ń fún àgbàlagbà lẹ́ẹ̀kan kì í sábà kọjá mílígíráàmù 2, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni a sì ń gún un sí. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì gún un sínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn, ikú ni ó sábà ń já sí. Ìwọ̀n àti ọ̀nà ni ó sọ oró di oògùn.

Ní Ti Ewúro

Vernonia amygdalina ni àwọn onímọ̀ ń pe ewúro. Ní 1969, Morris Kupchan àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ti yọ ohun méjì jáde lára rẹ̀, vernodalin àti vernomygdin, tí ń pa sẹ́ẹ̀lì nínú ìgò àyẹ̀wò. Ní 2003, Ernest Izevbigie ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Jackson ní Mississippi tẹ ìwádìí kan jáde nípa ewúro Ìlú Benin, pé ohun tí a fi omi yọ láti ara rẹ̀ ń dí ìdàgbàsókè sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọyàn lọ́wọ́ nínú ìgò. Nǹkan wọ̀nyí ni ó wà lọ́kàn wa nígbà tí a dá ọmọ náà lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ tí ó ń padà wá: nínú ìgò.

Ẹ̀kọ́ mìíràn wà tí a rí kọ́ lọ́dọ̀ ẹranko. Ní 1987, ní òkè Mahale ní Tanzania, Michael Huffman àti Mohamedi Seifu Kalunde rí abo ìnàkí kan tí ara rẹ̀ kò yá. Ó já ẹ̀ka ewúro, ó bó èèpo rẹ̀ dànù, ó já ewé rẹ̀ sọnù, ó ń jẹ inú ẹ̀ka náà lẹ́nu, ó sì ń fa omi kíkorò rẹ̀ mu. Ní ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ ti yá. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ewéko náà wò, wọ́n rí i pé inú ewé àti èèpo ni vernodalin, tí ó lóró, pọ̀ sí. Inú ẹ̀ka kò ní in tó bẹ́ẹ̀. Ìnàkí mọ èyí tí yóò jẹ àti èyí tí yóò sọ nù.

Àwọn ìyá wa náà mọ̀ ọ́n. Wọn kì í da ewúro sínú ọbẹ̀ láìkọ́kọ́ fọ̀ ọ́, kí ìkorò rẹ̀ lè bá omi lọ. Omi tí àwọn ìyá wa ń dà nù ni obìnrin yẹn ń mu láàárọ̀ àti lálẹ́.

Bí A Ṣe Ń Pèsè Oje Ewé Fún Àyẹ̀wò

Ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ ewé náà dájú, nítorí pé orúkọ kan lè jẹ́ ti ewé méjì, ewé kan sì lè ní orúkọ mẹ́ta láti ìlú dé ìlú. Ilé Iṣẹ́ Ìwádìí Igbó ti Nàìjíríà ní Ìbàdàn ní àkójọ ewéko gbígbẹ tí a fi ń mọ èwo ni èwo.

Lẹ́yìn náà, a ó fọ ewé náà, a ó sá a sí ibòji, kí oòrùn má baà ba ohun tí a ń wá jẹ́. Bí ó bá gbẹ, a ó lọ̀ ọ́ kúnná, a ó wọ̀n ọ́n, a ó rẹ ẹ́ sínú omi tàbí sínú ẹ̀tánọ́ọ̀lù fún ọjọ́ kan tàbí méjì, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì rọra jẹ́ kí omi tàbí ọtí rẹ̀ fẹ́ lọ. Ohun tí ó bá kù ní ìdí àwo ni oje ewé tí a ó tún wọ̀n. Ìwọ̀n ṣe pàtàkì, nítorí ìkúnwọ́ ènìyàn kan kì í ṣe ìkúnwọ́ ẹlòmíràn, ewé ìgbà òjò kì í sì í ṣe ewé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Bí a bá po mílígíráàmù 10 oje yìí mọ́ mílílítà 10 omi, mílílítà kọ̀ọ̀kan yóò ní máíkírógíráàmù 1000. Bí a bá mú mílílítà 1 nínú rẹ̀ tí a fi omi mílílítà 9 là á, ó di 100. Bí a bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, ó di 10. Báyìí ni a ṣe ń rí líle, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì àti fífẹ́lẹ́, kí a lè mọ ibi tí oró ti bẹ̀rẹ̀.

Àlùbọ́sà Jẹ́rìí

Ṣóńṣó gbòǹgbò àlùbọ́sà jẹ́ ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń pín kíákíá. Ní 1938, Albert Levan, ará Sweden, fi í wo ohun tí colchicine, tí ó ti ara ewéko wá, ń ṣe sí pípín sẹ́ẹ̀lì. Láti ìgbà náà ni a ti ń lo àlùbọ́sà fún irú àyẹ̀wò báyìí, kò sì sí ilé ẹ̀kọ́ tí kò lè rà á lọ́jà.

Nígbà tí a gbọ́ ohun tí ìdáhùn wa ti dá sílẹ̀, a ní kí kíláàsì náà ṣe é. Wọ́n yan àlùbọ́sà ogún tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ara wọn, wọ́n ha gbòǹgbò gbígbẹ kúrò ní ìdí wọn, wọ́n sì gbé wọn lé ẹnu ife kí ìdí wọn lè kan omi. Márùn-ún wà lórí omi lásán. Àwọn ni a pè ní ẹlẹ́rìí, nítorí pé láìsí wọn a kò lè mọ̀ bóyá ewé ni ó ṣe ohun tí a rí tàbí àlùbọ́sà náà ni kò dára. Márùn-ún wà lórí omi ewúro fífẹ́lẹ́, márùn-ún lórí ti ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, márùn-ún lórí líle. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń pààrọ̀ omi náà.

Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n fi rúlà wọn gbòǹgbò wọn. Ti omi lásán ti gùn, ó funfun, ó sì pọ̀. Ti omi líle kò ju kùkùté lọ. Àwọn ọmọ hó yèè pé ewúro ti ṣẹ́gun. Ọmọbìnrin tí ó béèrè ìbéèrè ni kò bá wọn hó. Ó wo ife náà títí, ó ní, "Ṣùgbọ́n sà, àlùbọ́sà yìí kò ní jẹjẹrẹ. Gbòǹgbò tí ara rẹ̀ le ni ewúro dá dúró yìí."

A kò ní ohun tí a lè fi kún un. Ọmọ náà ti rí odindi ọ̀rọ̀ tí a kò sọ fún un.

Lẹ́yìn Àlùbọ́sà

Ní àwọn yunifásítì, àyẹ̀wò mìíràn tí kò wọ́n wà, tí a fi ọmọ edé inú omi oníyọ̀, Artemia salina, ṣe. Meyer, McLaughlin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Purdue ni wọ́n kọ nípa rẹ̀ ní 1982. Ẹyin edé náà a máa pa láàrin ọjọ́ kan sí méjì nínú omi iyọ̀. A ó kó ọmọ edé mẹ́wàá mẹ́wàá sínú ìgò kéékèèké, a ó fi oje ewé oríṣiríṣi ìwọ̀n sí i, a ó sì ka àwọn tí ó kú lẹ́yìn wákàtí 24. Ìwọ̀n tí ó pa ìdajì wọn ni a ń wá. Bí ó bá kéré sí máíkírógíráàmù 1000 nínú mílílítà kan, a gbà pé ewé náà lágbára, ó sì yẹ kí a tẹ̀ síwájú. Àyẹ̀wò yìí kò sọ pé ewé náà jẹ́ oògùn. Ó sọ pé ohun kan wà níbẹ̀ tí ó lè pani.

Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni ti sẹ́ẹ̀lì ènìyàn nínú ìgò. Láti 1951 ni sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí a gbà lára Henrietta Lacks ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ti ń dàgbà nínú àwọn yàrá ìwádìí káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ irú mìíràn sì ti wà báyìí. Ibí ni yíyàn ti wọlé. A ó gbé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kalẹ̀, a ó gbé sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ le sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a ó sì fún àwọn méjèèjì ní oje ewé kan náà. Bí máíkírógíráàmù 10 bá pa ìdajì àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, tí 10 kan náà sì pa ìdajì àwọn tí ara wọn le, májèlé lásán ni a rí. Bí ó bá jẹ́ pé 200 ni ó tó pa ìdajì àwọn tí ara wọn le, a ti rí ohun tí ó yẹ kí a tọpa.

Títọpa náà a máa pẹ́. Ní 1962 ni a gba èèpo igi yew ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà fún àyẹ̀wò. Ní 1971 ni Monroe Wall àti Mansukh Wani kéde ohun tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, paclitaxel. Ní 1992 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ìtọ́jú jẹjẹrẹ ilé ẹyin obìnrin. Ọgbọ̀n ọdún ni láti èèpo igi dé orí ibùsùn aláìsàn, lẹ́yìn tí a ti dán an wò lára ẹranko, tí a sì ti dán an wò lára ènìyàn ní ìpele ìpele.

Oró a sì máa rìn jẹ́jẹ́ nígbà mìíràn. Ewé àti èso soursop, tí ọ̀pọ̀ ń sọ pé ó ń wo jẹjẹrẹ, ní ohun kan tí a ń pè ní annonacin, tí ń pa sẹ́ẹ̀lì nínú ìgò. Ní 1999, àwọn dókítà ní erékùṣù Guadeloupe kọ̀wé pé irú àìsàn kan tí ó jọ àrùn Parkinson, èyí tí ń mú ara gan tí kì í sì í gbọ́ oògùn bí ó ti yẹ, pọ̀ láàrin àwọn tí ń jẹ èso náà tí wọ́n sì ń mu tíì ewé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní yàrá ìwádìí, a rí i pé annonacin a máa pa sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ pẹ̀lú.

Ìmọ̀ràn Wa

Ẹ̀yin òbí wa, bí kókó bá yọ sí ọyàn, tàbí tí egbò kan kò bá jinná, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà níbi tí kò yẹ, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Igi gańgan-ràn má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Jẹjẹrẹ tí a tètè rí ni ó sàn láti tọ́jú. Bí ẹ bá ń mu ewé kan, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má tijú, nítorí ewé lè bá oògùn jà nínú ara. Ẹ máa jẹ ewúro yín nínú ọbẹ̀ bí ẹ ti ń jẹ ẹ́; oúnjẹ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní ewé kan ń pa jẹjẹrẹ, ẹ bi í pé: níbo ni ó ti pa á, nínú ìgò tàbí nínú ènìyàn? Kí ni ó ṣe sí sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ le? Èló ni ìwọ̀n rẹ̀?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ tí ẹ di apòògùn, nọ́ọ̀sì, dókítà àti onímọ̀ ewéko, ẹ wá bá àwọn àbúrò yín sọ̀rọ̀. Ìbéèrè pọ̀ lẹ́nu wọn, ilé sì ni wọ́n ń gbé ìdáhùn wa lọ.

Ní ti obìnrin náà, àwa méjì lọ kí i nílé rẹ̀ pẹ̀lú ìyá ọmọ náà. Ọmọ náà mú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, ó fi àwòrán gbòǹgbò tí ó yà hàn án. Ó wò ó títí, ó yíjú sí wa, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin náà kọ́ ni ẹ ní ó ń pa á?" A ní àwa ni, a sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dárí jì wá. Ó padà sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ náà. Dókítà ní ì bá dára bí ó bá ti wá ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìtọ́jú ṣì ṣeé ṣe. Bí a ti ń kọ èyí, ó ṣì ń gba ìtọ́jú, àwa náà sì ń gbàdúrà fún un. Ó fún wa láyè láti sọ ọ̀rọ̀ yìí, bí a kò bá sáà ti dárúkọ òun.

Àwọn àgbà ní adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro. A bẹ Ọlọ́run kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún un.